Àròkọ Aláṣàlàyé: Ẹ̀rọ Kékeré tí Ń Ṣọ́ Ọkàn

Akẹ́kọ̀ọ́, nínú àròkọ aláṣàlàyé, sọ ìṣòro kí o tó sọ ọ̀nà àbáyọ. Wo àpẹẹrẹ yìí:

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ọkàn bá ń lù, iná mànàmáná tí ó ń dé awọ àyà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fólítì lọ. Àìsàn ọkàn mìíràn a sì máa yọjú lóru, kí ó tún lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà ni Norman Holter, ará Amẹ́ríkà, fi ṣe ẹ̀rọ àgbékiri ní nǹkan bí ọdún 1947. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e pọ̀n, ó wúwo tó kìlógíráàmù 38. Lónìí, àyà ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń sọ iná kékeré yìí di ńlá. Lẹ́yìn èyí, apá tí ń ṣírò a jí, a ka ìwọ̀n rẹ̀, a tún sùn, bí ìgbà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Oorun yìí ni kì í jẹ́ kí bátìrì tètè kú. Bí bátìrì bá kú lóru, ta ni yóò rí àìsàn náà?

Ìdánrawò: Kọ àròkọ lórí ẹ̀rọ kan tí ó wúlò fún ìlera.