Bí A Ṣe Ń Wọn Àníyàn Ará Ìlú Nípa Àyíká

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àyíká jẹ àwọn ènìyàn lógún, ìbéèrè ni yóò bi wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ti béèrè ni a ó ti gbọ́ èsì, orí èsì náà ni a sì máa ń gbé owó tí a ó dá lé ará àdúgbò kà.

Ní ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ Gallup ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè 24, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Kí àwọn olùwádìí tó dárúkọ àyíká rárá, wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìṣòro tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá dárúkọ ẹ̀gbin tàbí èéfín nígbà náà, kò sí ẹni tí ó fi í sí i lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ti rò pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó ráyè kọminú nípa igi àti omi. Ìwádìí yìí fi hàn pé àwọn ará ilẹ̀ tálákà náà ń ṣàníyàn.

Òṣùwọ̀n mìíràn ni èyí tí Riley Dunlap àti Kent Van Liere gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2000, gbólóhùn 15 ni ó wà nínú rẹ̀: 8 jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ń ṣàníyàn yóò gbà, 7 jẹ́ èyí tí yóò kọ̀. Ọgbọ́n gidi ni èyí, pàápàá láàárín àwa tí a kà á sí àfojúdi láti sọ fún àlejò pé “rárá”. Ẹni tí ó bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún abéèrè ni; kò tíì sọ èrò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ má ṣe béèrè pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí àdúgbò mọ́?” Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́? Ẹ béèrè pé, “Níbo ni ẹ da ìdọ̀tí ilé yín sí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?” Ọ̀rọ̀ náà “àyíká” pàápàá lè mú kí ẹlòmíràn ro iwájú ilé rẹ̀ nìkan, ẹ dárúkọ kànga, èéfín àti gọ́tà. Ní ìlú bí i Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ Haúsá dáadáa bi aládùúgbò ní èdè rẹ̀.

Ẹ má sì béèrè ní ìpàdé nìkan. Onílé ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ayálégbé tí àgbàrá ń wọ yàrá rẹ̀ wà ní ọjà. Ẹ ka ilé, kí ẹ sì wọ ìkarùn-ún kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ẹni nílé, ẹ padà wá ní alẹ́. Ẹ má ṣe fi aládùúgbò tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Kí a má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé náà, nítorí ẹni tí ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà lóru kò ní jẹ́wọ́ fún akọ̀wé tí ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.