Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá kọṣẹ́, kí ló yẹ kí alágbàfọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹni tó bá kó aṣọ àríyá fún alágbàfọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n ní kó wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní í fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Aṣọ rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn ni yóò gbà lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìfọṣọ jẹun nírú ìlú bíi Kúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ ohun tí yóò yẹ̀ wò kó tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ láti Ìwó tàbí Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ oníṣẹ́ nìkan lè ju owó ohun tó bàjẹ́ lọ.

Nínú ẹ̀rọ oníhò méjì, ihò kan ń fọ aṣọ, ìkejì ń fún omi ara rẹ̀ dànù. Mọ́tò tiẹ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan ní. Bí apá kan bá ń ṣiṣẹ́ tí ìkejì kò ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé iná ń wọnú ẹ̀rọ, apá tó kọṣẹ́ ni àìsàn wà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fetí sí ẹ̀rọ náà, nítorí ohùn rẹ̀ ló ń júwe ibi tó ń dùn ún.

Bó bá dákẹ́ pátápátá, iná kò dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Kí wọ́n fi nǹkan mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, kí wọ́n sì wo fíúsì inú púlọ́ọ̀gì. Bó bá jẹ́ apá tó ń fún omi nìkan ló dákẹ́, kí wọ́n wo ìdérí rẹ̀. Swíìṣì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yí àfi bí ìdérí bá padé dáadáa. Èkúté náà máa ń gba abẹ́ ẹ̀rọ wọlé jẹ wáyà.

Bó bá ń kùn bí oyin, àmọ́ tí kò yí, kí wọ́n pa á kíá. Mọ́tò tó ń kùn láìyí máa ń gbóná títí tí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jóná. Iná tó wálẹ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè fa èyí, nítorí iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń lò lẹ́yìn tó bá ti ń yí. Bí iná bá dára, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n kó aṣọ kúrò, kí wọ́n fọwọ́ yí ike róbótó tó wà nísàlẹ̀ ihò. Bó bá le, ó ṣeé ṣe kí bọ́tìnì tàbí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ti há sábẹ́ rẹ̀. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kapásítọ̀ tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra ni kí wọ́n fura sí.

Nọ́ńbà ara kapásítọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ń ra tuntun. Ìwọ̀n máíkírófárádì wọn gbọ́dọ̀ bára mu, fóòlù tuntun kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ iná lè kù sínú rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná náà dànù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n bá ń gbọ́ tí mọ́tò ń yí, ṣùgbọ́n tí aṣọ dúró sójú kan, bẹ́líìtì ló já tàbí ló ti dẹ̀. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n tú ìdè ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí wọ́n mú bẹ́líìtì àtijọ́ lọ sọ́jà. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni ẹni tó ń tà á yóò wò.

Bí ẹ̀rọ bá ń rùn bí nǹkan tó ń jóná, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbé èèyàn, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ alágbàfọ̀ nìyẹn. Kí ó yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó pe oníṣẹ́, kí ó sì ṣàlàyé ohùn tó gbọ́ fún un. Kó tó gbà láti tún mọ́tò wé, kí ó fi owó rẹ̀ wé ti ẹ̀rọ mìíràn.

Ó dára kí ìwé kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn yóò máa kọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́, ohun tí wọ́n rà àti iye rẹ̀ sí. Ìwé yẹn ni yóò fi han alágbàfọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń pa owó wọlé, tàbí èrè ló ń jẹ.