Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: KÍ A TÓ YÁWÓ TÚN ILẸ̀ YÀRÁ ṢE



Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò, ohun kan tí a máa ń rí léraléra lójú ìwé ẹ̀yáwó ni “àtúnṣe ilé”. Kò burú. Ilé tí a kò bá tún ṣe yóò wó lé onílé lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé apá ibo nínú ilé ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, èsì tí a ń gbọ́ jù ni pé, “Táìlì ni mo fẹ́ tẹ́ sílẹ̀.” Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàrá wá síwájú yín, pàápàá ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a dán títí tí ó fi ń kọ mọ̀nà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé pé ó lè tó ni láì tún fi nǹkan mìíràn bò ó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà, a kò ní í dárúkọ òun tàbí ìlú rẹ̀. Ó yá ìlọ́po méjì owó tí ó ti fi pamọ́ sí ẹgbẹ́, ó ní oníduúró méjì, ó sì tẹ́ táìlì sí pálọ̀ àti yàrá méjì nígbà ọyẹ́. Ó wu ojú. Àwa gan-an bá a jẹun níbẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù keje dé, táìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kókó lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìlà kan ti gbé sókè láàrin pálọ̀ bí òrùlé. Ẹni tí ó tẹ́ ẹ ní táìlì ni kò dára. Ẹni tí ó ta táìlì ní ẹni tí ó tẹ́ ẹ ni kò mọ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, a rí i pé ọ̀rinrin ni ó kún ìsàlẹ̀. Kọnkéré náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ìṣó ha á tí ó ń di iyanrìn, a kò sì rí ọ̀rá kankan lábẹ́ rẹ̀ tí ìbá dí omi ilẹ̀ lọ́nà. Owó oṣù mọ́kànlá ni ó ṣì kù tí yóò san fún ẹgbẹ́. Àwọn oníduúró rẹ̀ kò bá a jà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn fẹ́ yá owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ní ọdún náà, kò sì rí i yá, nítorí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ gbèsè ẹlòmíràn.

A kò sọ pé táìlì kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé táìlì kì í wo ilẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn sàn. Bí ìsàlẹ̀ bá lágbára, tí ó tẹ́jú, tí kò sì fa omi, a lè dán òun fúnra rẹ̀ kí a sì fi owó táìlì ṣe nǹkan mìíràn. Bí kò bá lágbára, táìlì kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà yòówù tí a bá gbà, ìsàlẹ̀ ni owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ ilẹ̀ í tẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò ní ìdúró, tí etí rẹ̀ kọjú sókè, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwo, tí ó jẹ́ obìnrin. Nínú ilé alámọ̀, àwọn ìyá wa a máa fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé gígún pa ilẹ̀ kí ó lè dán, kí eruku má sì máa sọ. Lẹ́yìn èyí ni sìmẹ́ǹtì dé, àwọn kan ń po èròjà pupa mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi póólíṣì nù ún ní àárọ̀ Sátidé. Tẹ̀ràsò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì tí a kọ́ láàrin ọdún 1960 sí 1980 yóò bá a níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àìmọye ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ bí a bá tún un lọ̀, á tún dán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì fi ń dán. Èkíní ni èyí tí bíríkìlà fi irin pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ dán nígbà tí ó ṣì tutù. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Èkejì ni tẹ̀ràsò, níbi tí a ti po wóróworó òkúta mábìlì mọ́ sìmẹ́ǹtì, tí a tẹ́ ẹ láàrin àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó pín ilẹ̀ sí ojú-ojú, tí a sì fi ẹ̀rọ olókúta àti omi lọ̀ ọ́ títí òkúta fi yọjú. Ẹ̀kẹta ni kọnkéré fúnra rẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ lọ̀, tuntun tàbí àtijọ́. Eyín ẹ̀rọ náà ní eérú dáyámọ́ńdì nínú, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láti orí èyí tí ó rí ṣákiṣàki, nọ́ńbà 30 tàbí 40, lọ sí èyí tí ó kúnná, 400, 800, títí dé 1500 fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí òun rí ojú ara òun níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn káfíńtà ti ń lo sánńpépà. Láàrin iṣẹ́ náà a máa ń da omi oògùn tí a ń pè ní sodium silicate sí i. Ó ń wọnú kọnkéré, ó ń bá ẹfun inú sìmẹ́ǹtì pàdé, ó sì ń mú ojú rẹ̀ le.

Fún ẹni tí ó ń tún ilé àtijọ́ ṣe, ọ̀nà kẹta yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tí yóò dán ti wà nísàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó yẹ ẹ́ wò dáadáa. Ìyá kan tí ń ta ata, ọmọ ẹgbẹ́ rere, ránṣẹ́ pe bíríkìlà àgbà kan, àwa náà sì wà níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi tẹ́ táìlì lé èyí kíákíá. Àwọn àna ọmọ mi ń bọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀.”

“Ìyá, ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ wá gbọ́ ohùn rẹ̀.” Bàbá mú igi kan, ó ń kan ilẹ̀ láti igun dé igun. “Ibí yìí ní òun wà. Ibí yìí ní òun wà. Ti igun yìí ńkọ́, Ìyá? Kí ni ẹ gbọ́?”

“Ó ń dún bí agbè.”

“Ó ti ṣófo nísàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fẹ́ kí n tẹ́ táìlì lé agbè?”

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín. Lẹ́yìn igi, ẹ mú ìṣó, kí ẹ fi ha ilẹ̀. Bí ó bá kàn fi ojú funfun sílẹ̀, ó le. Bí ó bá gbẹ́ kòtò tí iyanrìn sì ń yọ, kò tíì ṣeé lọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti omi. Ẹ gé ọ̀rá tí ojú lè là kọjá, kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níhà gbogbo, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilẹ̀ pinpin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá, tàbí tí ojú kọnkéré náà dúdú, omi ń fà wá láti inú ilẹ̀. Ẹ má ṣe ìdánwò yìí nígbà ọyẹ́ nìkan, ọyẹ́ a máa purọ́. Ẹ ṣe é ní oṣù keje tàbí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilẹ̀ mu omi yó.

Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tuntun ni a fẹ́ dà, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti 12 ní òró jẹ́ nǹkan bí mítà 13.4 níhà mẹ́rin. Kọnkéré ìsàlẹ̀, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní German floor, bí ó bá nípọn ní íǹṣì 4, tí a po sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2 àti òkúta 4, yóò jẹ àpò sìmẹ́ǹtì 8 sí 9. Bí a bá tún fẹ́ tẹ́ iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí ó nípọn ní íǹṣì 2 lé e, sìmẹ́ǹtì 1 sí iyanrìn 3, yóò jẹ àpò 6 sí 7 sí i. Táìlì tí ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 40 ní 40 yóò tó 84 nínú yàrá kan náà, láì ka èyí tí yóò fọ́ àti gọ́ọ̀mù rẹ̀, lórí owó sìmẹ́ǹtì tí a ti ná ná. A kò kọ iye owó síbí, nítorí kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, ọjà lè ti yí padà. Ẹ fi iye ọjà ìlú yín sí i.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí a gún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a tẹ́ òkúta, kí a sì tẹ́ ọ̀rá nínípọn lé e kí kọnkéré tó dé. Kí iyanrìn jẹ́ iyanrìn tí ó mọ́: ẹ bù ú sínú ìgò pẹ̀lú omi, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, bí ẹrẹ̀ tí ó wà lókè bá ju ìdá kan nínú méjìlá lọ, ẹ dá a padà fún onímọ́tò. Kí omi má pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn kọnkéré tí ó ń ṣàn bí ọ̀gì nítorí pé kò ní í rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí omi tí ó pọ̀ jù bá gbà jáde, ihò ni ó ń fi sílẹ̀. Kí wọ́n má sì wọ́n sìmẹ́ǹtì gbígbẹ lé ojú ilẹ̀ tí omi ṣì dúró sí lórí kí ó lè tètè dán. Ó máa ń dán lóòótọ́. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi sán wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ahun, tí yóò sì máa bó.

Ibi tí a ti ń bàjẹ́ jù ni lẹ́yìn tí bíríkìlà bá ti gba owó lọ. Sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ bí aṣọ ti ń gbẹ. Omi tí a fi pò ó ni ó ń mu tí ó fi ń le. Nítorí náà kí a jẹ́ kí ilẹ̀ náà tutù fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí a fi àpò tútù tàbí ọ̀rá bò ó, kí a má sì gbé ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ dé orí kọnkéré tuntun títí ọjọ́ 28 yóò fi pé. Àwa tí a ń kọ́ yín yìí ti kánjú rí nínú ilé ara wa. Ọjọ́ kẹwàá ni a gbé ẹ̀rọ dé, òkúta sì ń fò jáde bí àgbàdo lójú agbada. Ààyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àga ni a gbé bò ó.

Nígbà tí a bá ń lọ ilẹ̀, kí a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi. Eruku kọnkéré a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ba á jẹ́ pátápátá. Kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣe é di imú àti ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a ṣe fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àkísà, kí àwọn ọmọdé sì jáde kúrò nínú ilé.

Kí a má tàn yín jẹ, ilẹ̀ dídán ní àléébù tirẹ̀. Bí omi bá dà sí i, ó ń yọ̀. Nítorí náà ní ilé ìwẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò ń fọ́n sí, àti ní yàrá àwọn arúgbó, kí a dúró níbi tí ó ti tẹ́jú, kí a má dán an dé mọ̀nà. Epo pupa àti ọsàn wẹ́wẹ́ a máa fi àpá sílẹ̀ bí a kò bá tètè nù wọ́n, nítorí náà kí a fi ohun ìdíhò kun ojú rẹ̀, pàápàá ní ilé ìdáná. Kí a má da oògùn ìfọṣáláńgá sí i láéláé, ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ sìmẹ́ǹtì àti mábìlì. Omi àti ọṣẹ tí kò le ti tó. Ilẹ̀ náà lè sán díẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gé ojú ìlà sí i lẹ́nu ọ̀nà àti láàrin yàrá ńlá, ojú ìlà náà ni yóò sán sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Gbígbé ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ wá láti ìlú ńlá ń gba owó ọkọ̀, ẹ̀rọ ńlá sì ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀, ìbáà ṣe yàrá kan tàbí mẹ́wàá ni a fẹ́ lọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ṣètò ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n á pín in. Kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pẹ̀lú má máa ka gbogbo owó àtúnṣe lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n san ti ìsàlẹ̀ ná, kí ẹnì kan nínú wọn lọ fi igi kan ilẹ̀ náà, kí wọ́n tó san ti òkè.

Ìyá aláta wa gbà bẹ́ẹ̀. Ó tú igun tí ó ṣófo, ó tẹ́ ọ̀rá, ó tún un dà, owó tí ó sì yá kò tó ìdajì èyí tí ó kọ́kọ́ béèrè. Àwọn àna dé bá kọnkéré tí kò tíì dán, ó tẹ́ ẹní fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ. Nígbà tí ẹ̀erùn dé ni òun àti ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn pawọ́ pọ̀ gbé ẹ̀rọ wá lọ pálọ̀ wọn. Ó ti san gbèsè náà tán, ó sì ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ akọ̀wé fún yàrá kejì.