Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Gìtá Béèsì àti Àwọn Ẹ̀rọ Ayíhùnpadà Rẹ̀

Nígbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dojú kọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìwé náà láti wá orúkọ fún ohun-èlò àwọn olórin tí ń lo iná mànàmáná. Orúkọ tí àwọn olórin fúnra wọn ń pè ni ó ṣì wà nílẹ̀: gìtá, béèsì, áńpù, sípíkà, pẹ́dàlì. Ìwọ̀nyí tó olórin lò, nítorí pé ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó sì lè fi ìka tọ́ka sí i. Kò tó olùkọ́ tí ó fẹ́ fi gìtá ṣàlàyé ìmọ̀ nípa ìró ní kíláàsì. Kò sì tó ògbufọ̀ tí a gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀rọ lé lọ́wọ́, nítorí pé bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ olówó iyebíye lè jóná kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ gìtá náà gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn kan ti dábàá 'gìtá ohùn ìsàlẹ̀'. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n 'ohùn ìsàlẹ̀' ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀kọ́ èdè: òun ni orúkọ ọ̀kan nínú ohùn mẹ́ta tí Yorùbá ní, òun pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn àárín. Gìtá béèsì lè kọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kàn jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ó ti ń kọ gbogbo wọn ni. Bí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ orin bá ń pín ọ̀rọ̀ kan náà lò fún ohun méjì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jókòó ní kíláàsì méjèèjì ni yóò jìyà rẹ̀.

Àbá kejì ni 'ìyá gìtá', tí a fi wé ìyá ìlù. Àfiwé yìí bá títóbi gìtá náà mu, kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ìyá ìlù ni ó ń ṣe aṣáájú nínú dùndún àti bàtá. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀, àwọn omele ni ó ń tẹ̀lé e. Nínú orin jùjú, gìtá béèsì kì í sábà ṣáájú. Gbólóhùn orin kúkurú kan ni ó ń tún kọ léraléra, tí àwọn yòókù ń gun orí rẹ̀. Iṣẹ́ omele ni èyí. Bí a bá ń wá ìbátan fún un láàárín ohun-èlò ilẹ̀ wa, agídìgbo ni ó sún mọ́ ọn jù lọ, àpótí onírin pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka ta. Haruna Ishola lò ó nínú ẹgbẹ́ àpàlà rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ jùjú kan sì lò ó kí gìtá béèsì tó wọ́pọ̀. Síbẹ̀, agídìgbo kò ní okùn, kò sì tọ̀nà kí a gba orúkọ rẹ̀ fún ohun olókùn. Ó sàn kí a fi 'gìtá béèsì' sílẹ̀ bí ó ti wà. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pe ohùn ọkùnrin tí ó wà nísàlẹ̀ jù ní béèsì láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe àlejò mọ́.

Ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà ni ó sọ irú gìtá yìí di ohun tí ayé mọ̀, ní 1951. Okùn mẹ́rin ni ó ní. Èyí tí ó nípọn jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ń gbọ̀n ní ìgbà 55, 73 àti 98. Okùn tí ó nípọn jù lára gìtá lásán ń gbọ̀n ní ìgbà 82, ìyẹn ni pé ìdajì rẹ̀ gan-an ni ti béèsì. Nínú nọ́ńbà yìí ni gbogbo ìṣòro yíyan ohun-èlò béèsì ti bẹ̀rẹ̀. Etí ènìyàn kì í tètè gbọ́ ìró tí ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà béèsì nílò agbára iná tí ó ju ti gìtá lásán lọ fíìfíì kí àwọn méjèèjì tó dún dọ́gba létí. Nígbà tí Ampeg ṣe áńpù béèsì rẹ̀ tí ń jẹ́ SVT ní 1969, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300. Bákan náà, awọ sípíkà gbọ́dọ̀ rìn síwájú sẹ́yìn jìnnà kí ó tó lè ti afẹ́fẹ́ tó fún ìró ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ki béèsì bọ inú sípíkà gìtá lásán, tí ó sì yí bọ́tìnnì rẹ̀ sókè, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí awọ rẹ̀ ya ni.

Nípa áńpù àti sípíkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a tú palẹ̀ dáadáa, òun ni 'gbohùngbohùn'. Ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀wá ni ohùn tí ó ń padà bọ̀ láti ara àpáta tàbí inú igbó. Ilé-iṣẹ́ Sketch fi ṣe orúkọ ìwé ìròyìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn tún ń fi pe ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, wọ́n sì ń fi pe àpótí tí ohùn ti ń jáde pẹ̀lú. Ní ibi ìpàdé, èyí kò burú. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, ó burú púpọ̀, nítorí pé ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan, olórin sì tún ní ẹ̀rọ kẹrin tí orúkọ náà yẹ ju gbogbo wọn lọ, bí a ó ti rí i nísàlẹ̀. Fún áńpù, 'afúnhùnlágbára' sọ iṣẹ́ rẹ̀: iná tí kò lágbára ni ó ń ti inú gìtá wá, òun ni ó ń fún un lágbára. Fún sípíkà, 'agbóhùnjáde' tó. Bí olùkọ́ bá fẹ́ áńpù àti sípíkà, kí ó lò wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó fi gbohùngbohùn sílẹ̀ fún ohun tí ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ 'ìdènà', tí a ń fi òǹkà óòmù wọ̀n, ni ó ti ba ọ̀pọ̀ áńpù jẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ 'ìdènà' yóò rò pé bí a bá so sípíkà kún sípíkà, ìdènà yóò máa pọ̀ sí i. Bí a ti ń so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn áńpù, òdìkejì ni ó ń ṣẹlẹ̀. Sípíkà kan tí ó jẹ́ óòmù 8 ni 8. Méjì jẹ́ 4. Mẹ́rin jẹ́ 2. Bí gbọ̀ngàn tí èrò kún ni ó rí: bí a bá ṣí ilẹ̀kùn kún ilẹ̀kùn, àtijáde kò ní le mọ́, èrò yóò sì tú jáde gììrì. Iná tí ó ń tú jáde gììrì yìí ni ó ń jó áńpù tí a kọ 4 sí lára pé kí a má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí pé ó ti wọlé nínú ẹ̀kọ́ iná. Àpèjúwe ilẹ̀kùn ni kí olùkọ́ máa fi tì í lẹ́yìn.

Ó kan àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Pẹ́dàlì ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ti kẹ̀kẹ́. 'Àfẹsẹ̀tẹ̀' rọrùn, ó sì ṣe é so mọ́ orúkọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tà káàkiri ni Fuzz-Tone tí Maestro ṣe ní 1962. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé orí àti ìdí ìgbì ìró kúrò, kí ohùn lè há bí ti ẹni tí ó ti kígbe ní gbogbo òru. 'Amóhùnhá' ni ó yẹ ẹ́. 'Abohùnjẹ́' tí àwọn kan fẹ́ lò ń dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi lórí ohun tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Ó tilẹ̀ ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Rédíò kékeré kò lè gbé ìró 41 jáde rárá. Amóhùnhá ń fi àwọn ìró tí ó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ kún un, 82, 123 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí etí bá ti gbọ́ àwọn wọ̀nyí, ọpọlọ á fúnra rẹ̀ fi ìsàlẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ ìdí béèsì gan-an níwájú sípíkà ńlá. Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń pa ohùn tí kò há pọ̀ mọ́ èyí tí ó há.

Níbi ẹ̀rọ méjì kan ni pańpẹ́ ìtumọ̀ ṣáńgílítí ti mú jù lọ. Ẹ̀rọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí 'ohun tí ń mú nǹkan dọ́gba'. Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yóò pè é ní 'amóhùndọ́gba', yóò sì ti ṣìnà, nítorí pé kò mú ohùn kankan dọ́gba: ó ń dín ìsàlẹ̀ kù, ó ń fi kún àárín, ó ń gé òkè, bí olórin bá ti fẹ́. Asẹ́ ni ó jẹ́, bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì, 'asẹ́hùn' sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń mú ohùn dọ́gba ní tòótọ́ ni èyí tí ó ń tẹ ohùn tí ó le mọ́lẹ̀, tí a sì lè fi gbé èyí tí kò le sókè. Òun ni 'amóhùndọ́gba' tọ́ sí, òun sì ni olùta béèsì tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró ṣinṣin yẹ kí ó kọ́kọ́ rà, kí ó tó máa wá èyí tí ń ṣe àrà. Asẹ́hùn tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa bí ẹnu, bí èyí tí Vox gbé jáde ní 1967, ti sọ orúkọ ara rẹ̀: 'wáwà'. Èdè tí ó ní gbì, gbàmù àti wùyẹ̀wùyẹ̀ kò níláti wá ìtumọ̀ mìíràn fún un.

Ẹ̀rọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ègbè orin pè, irú èyí tí Boss ti Jàpáàn ṣe ní 1976, kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ègbè tí a mọ̀. Ègbè ń dá lílé lóhùn. Ẹ̀rọ yìí ń da ohùn kan pọ̀ mọ́ ẹ̀dà rẹ̀ tí ó pẹ́ díẹ̀ tí ó sì ń mì, tí ó fi dà bí ẹni pé ènìyàn púpọ̀ ni ó ń ta á. 'Amóhùnpọ̀' ni kí a pè é.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí gbohùngbohùn. Kò sí ibi tí olùkọ́ ti lè ṣàlàyé rẹ̀ bí Ìdànrè. Àwọn ará ìlú náà gbé lórí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a sì ń gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́. Àpáta gìrìwò ni ó yí ìlú ìsàlẹ̀ ká. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró ní nǹkan bí mítà 85 sí ojú àpáta ńlá kan tí ó sì pàtẹ́wọ́, ìró náà yóò rin mítà 85 lọ, yóò sì rìn ín bọ̀, ìyẹn mítà 170. Níwọ̀n bí ìró ti ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò fi padà. Bí orin bá ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó wà láàárín ìlù kan àti èkejì. Ohùn tí àpáta dá padà yóò bọ́ sórí ìlù gẹ́ẹ́. Ohun tí bọ́tìnnì àfẹsẹ̀tẹ̀ gbohùngbohùn ń ṣe nìyẹn: ó ń gbé àpáta súnmọ́ni tàbí kí ó sún un sẹ́yìn. Kò yẹ kí a da èyí pọ̀ mọ́ ìró inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, níbi tí ògiri púpọ̀ ti ń dá ohùn padà léraléra tí a kò fi lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ mọ́. 'Ìró-àkúnlé' ni a lè pe ìyẹn.

Ó yẹ kí olùta béèsì ṣọ́ra fún àwọn méjèèjì. Ní ibi tí gìtá bá ti ń sọ̀rọ̀ bí ìlù, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó gbé ìtumọ̀. Amóhùnhá lè mú kí ohùn há kí ọ̀rọ̀ má sì sọnù. Gbohùngbohùn ń gbé ìró àkọ́kọ́ lé ìró kejì lórí, ẹni tí ó gbọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá igbá ni a wí tàbí igbà.

Ó ku agbára tí ń wakọ̀ àwọn àfẹsẹ̀tẹ̀ náà. Fóltì 9 ni ọ̀pọ̀ ń lò, láti inú bátìrì tàbí láti inú ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki bọ ògiri. Èyí tí a ṣe fún fóltì 120 nìkan ní Amẹ́ríkà yóò jóná lójú ẹsẹ̀ bí a bá kì í bọ iná Nàìjíríà tí ó jẹ́ 230; kí olùrà ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu wáyà náà ní àárín àti ẹ̀gbẹ́. Ní ara ọ̀pọ̀ àfẹsẹ̀tẹ̀, àárín ni ó ní àmì ìyọkúrò. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ 'àárín burúkú' síbẹ̀ yóò mú kí olùrà rò pé wáyà náà ti bàjẹ́, yóò sì lọ wá òmíràn tí ó 'dára', èyí tí yóò ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. 'Òdì', bí àwọn oníṣirò ti ń lò ó, ni ó tọ̀nà. Kí a kọ ọ́ báyìí: fóltì 9, òdì ní àárín.