Bí Mo Ṣe Ń Ṣètò Ìsopọ̀ DBeaver Kí Dátà Má Bàa Tún Sọnù Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àṣẹ kan ṣoṣo ni mo fi pa àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà tí ṣọ́ọ̀bù òògùn kan tà lọ́jọ́ náà rẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó dátábéèsì wọn. Mo ṣí ojú ewé méjì nínú DBeaver: ọ̀kan so mọ́ ẹ̀dà tí mo fi ń dánra wò lórí láptọ́ọ̀pù mi, èkejì so mọ́ sáfà gan-an tí àwọn tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ń lò. Orúkọ tábìlì kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo fẹ́ nu ọjà àròsọ mẹ́fà tí mo kọ sínú ẹ̀dà tèmi láàárọ̀ kúrò, ni mo bá tẹ èyí:

DELETE FROM sales WHERE sale_date = CURRENT_DATE;

Ìlà 6 ni mò ń retí. DBeaver ní ìlà 214 ti lọ. Àyà mi já. Ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà nílẹ̀, aago méjìlá òru ni wọ́n ṣe é, kò sí ọjà ọjọ́ yẹn nínú rẹ̀ rárá. Rìsíìtì oníwèé la fi tún gbogbo ẹ̀ kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lóòótọ́, DBeaver máa ń kìlọ̀ tí èèyàn bá kọ DELETE láìfi WHERE sí i. Tèmi ní WHERE, kò sì sọ nǹkan kan. Àṣẹ mi ò ní àbùkù. Ibi tí mo rán an lọ ni kò dáa.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí ẹ yí padà ni Connection type. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ orúkọ ìsopọ̀ yín, ẹ mú Edit Connection, ẹ wá a níbẹ̀. Mẹ́ta ló wà: Development, Test àti Production. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Development ló máa jẹ́. Ẹ yí ti sáfà gan-an sí Production. Àwọ̀ rẹ̀ á di pupa, á máa bi yín léèrè kó tó ṣiṣẹ́ lórí àṣẹ, á sì pa auto-commit.

Ti auto-commit yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá wà ní títàn, bẹ́ ẹ ṣe tẹ àṣẹ báyìí, ó ti di òótọ́ fún gbogbo ẹni tó ń lo dátábéèsì náà. Tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ̀yin nìkan lẹ ń rí àyípadà yín títí ẹ ó fi tẹ Commit. Tẹ́ ẹ bá tẹ Rollback, ó dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ká ní mo ti pa á lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá kàn rí 214, kí n kígbe, kí n tẹ Rollback, kí n lọ jẹun.

Àmọ́ ẹ má tíì máa yọ̀ o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yí iye ọjà kan padà, mi ò tẹ Commit, mo lọ ra àmàlà. Mi ò tíì jẹ ẹ́ tán tí ọmọbìnrin tó ń gbowó fi pè mí: “Bùrọ̀dá, ẹ̀rọ yìí ò lọ mọ́ o!” PostgreSQL ti ti ìlà náà pa dè mí, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ dúró títí màá fi parí. Oògùn rẹ̀ wà nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 9.6 tó jáde lọ́dún 2016. Ẹ lọ sí Initialization, ẹ wá Bootstrap queries, àwọn àṣẹ tí DBeaver máa ń kọ́kọ́ rán tó bá ti wọlé. Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

SET idle_in_transaction_session_timeout = '10min';

Tẹ́ ẹ bá fi iṣẹ́ tí ẹ ò tíì parí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrán àṣẹ kankan, sáfà á já ìsopọ̀ náà, á sì da àyípadà yẹn nù.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ sáfà náà. Ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù 5432 sílẹ̀ fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba inú SSH kọjá, pọ́ọ̀tù 22. Nínú táàbù SSH, ẹ kọ àdírẹ́sì sáfà àti orúkọ yín, kí ẹ sì lo Public Key dípò pásíwọọ̀dù. Ibi tó máa ń da àwọn èèyàn rú ni Host tó wà nínú Main. Ọ̀pọ̀ máa ń tún àdírẹ́sì sáfà kọ síbẹ̀. Rárá o! DBeaver ti wọ inú sáfà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá PostgreSQL, nítorí náà ojú sáfà ni kí ẹ fi wò ó. Tó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ kan náà ni PostgreSQL wà, localhost lẹ máa kọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ Test Connection tó ní “password authentication failed”, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀nà ti là, pásíwọọ̀dù dátábéèsì nìkan ni kò tọ̀nà. “Connection refused” ní tiẹ̀ sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù yẹn.

Ẹni tí kò bá lo SSH, kó wo sslmode dáadáa. Òótọ́ ni pé require máa ń fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ kì í wádìí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó ń wádìí ìwé ẹ̀rí àti orúkọ sáfà ni verify-full.

Tí ìsopọ̀ yín bá ń já tẹ́ ẹ bá ti dákẹ́ díẹ̀, ráútà ló ti gbàgbé yín. Linux fúnra rẹ̀ máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 7,200, ìyẹn wákàtí méjì gbáko, kó tó béèrè pé “ṣé o ṣì wà ńbẹ̀?”. Ẹ fi 60000 sí Keep-Alive nínú táàbù SSH. Ẹ̀dá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń kà á níbẹ̀, torí náà ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ní tèmi, ìsopọ̀ méjì ni mo ní sí sáfà ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ọjọ́ tó bá jẹ́ pé mo kàn fẹ́ wo iye tí wọ́n tà, èyí tí mo ti mú Read-only fún ni mò ń ṣí. Èyí tó pupa yẹn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó fọwọ́ kàn án.