Bátìrì Kú, Sílò Bàjẹ́: Ibo Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀ Ìwádìí?

Ìfáàrà

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti lítíréṣọ̀, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èsì wa ni pé èdè tí a kò bá lè fi ṣàlàyé ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ wa, a kò tíì lò ó tán.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá oníṣòwò kan wà ní Ungwan Dosa, nínú ìlú Kàdúná níbí. Hilux olópẹtiróòlù ló fi ń kó iṣu àti gàrí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, bátìrì ọkọ̀ náà kú pátápátá. Wọ́n ra tuntun, wọ́n so ó mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì sì jí. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọkọ̀ a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, a sì kú sójú títì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìmọ̀ràn ti di mẹ́ta. Ẹnìkan ní kí ìyá ra pọ́ǹpù epo. Ẹlòmíràn ní pílọ́ọ̀gì ni. Ẹnìkẹta ní brain box ti jó. Bí ìyá bá gba ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kí ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò?

Kí ni sílò?

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ dúró, tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí iná, iṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí ó ń ṣe yẹn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò. Ẹ́ńjìnnì olópẹtiróòlù tó ti gbóná dáadáa sábà máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 600 sí 800 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, yóò máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ àti epo díẹ̀, ní ìwọ̀n tó bára mu, ló ń mú un dúró.

Àwa tí a dàgbà sí Kàdúná kò lè sọ̀rọ̀ ọkọ̀ kí a má dárúkọ Peugeot. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN ṣí ní Kakuri, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti to ọ̀pọ̀ 504 tó kún ojú títì Nàìjíríà nígbà náà. 504 oníkabúrétọ̀ kò ní kọ̀ǹpútà kankan tó ń darí sílò rẹ̀. Sìkúrù kékeré ni mẹkáníìkì ń yí. Bí bátìrì kú láàárọ̀, tí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lálẹ́, sìkúrù yẹn ṣì wà níbi tí a fi í sí. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé bátìrì kò kan sílò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ti 504 ni.

Ìdí tí ọkọ̀ òde òní fi ń gbàgbé

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní brain box ló ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu, òun náà ló sì ń darí afẹ́fẹ́ sílò. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọpọlọ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, tí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀. Throttle ni wọ́n ń pè é. Bí a kò bá tẹ iná, ilẹ̀kùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Àlàfo tín-ín-rín ló kù fún afẹ́fẹ́ tí sílò nílò.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èéfín àti òróró ẹ́ńjìnnì máa ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn yìí, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Àlàfo á máa kéré sí i. Ọpọlọ ọkọ̀ á rí i pé afẹ́fẹ́ ti dín, á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ ṣí ọ̀nà sí i. Á fi ohun tó kọ́ yìí pamọ́ sí iyè rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná kékeré láti inú bátìrì ló ń tọ́jú iyè yẹn, kódà nígbà tí a bá ti pa ọkọ̀.

Bí bátìrì bá wá kú, iyè náà lọ nìyẹn. Ọpọlọ á padà sí iye tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé-iṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbin ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń borí ẹ̀gbin ti lọ. Nítorí náà, ẹ̀gbin tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ikú bátìrì tú àṣírí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí báyìí o. Àwọn tuntun kan wà tí iyè wọn kò gbára lé bátìrì. Ẹ̀kọ́ yìí kò sì kan ẹ́ńjìnnì olódíísù.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún

Yorùbá ní ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ohun tí kò ná wa lówó ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ wo bátìrì àti iná tó ń wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi, kí mítà ka nǹkan bí fóòtì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ó wà láàrin 13.5 sí 14.5. Bí iná kò bá wọlé tó, bátìrì tuntun náà yóò kú. Ẹ fọ ìyẹ̀fun funfun tó bá wà lórí bátìrì, kí ẹ sì dè é le.

2. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ti kàn nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì. Ọ̀pá rọ́bà kan lè ti yọ, wáyà kan lè ti já, ilé fílítà afẹ́fẹ́ sì lè má pa dé dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn fìììì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé.

3. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì fi oògùn tí a fi ń fọ throttle àti aṣọ rírọ̀ nu ẹ̀gbin náà. Bí ó bá jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má fi ìka tì í tipátipá.

4. Ẹ tún ọpọlọ ọkọ̀ kọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, rédíò àti iná iwájú. Ẹ ṣáná sí ọkọ̀, kí ó gbóná, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ iná. Lẹ́yìn náà, ẹ tan amúlétutù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, kí ẹ wá wà á káàkiri, kí ẹ máa dúró, kí ẹ máa lọ. Ìlànà yìí yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, àwọn mìíràn sì ń béèrè sìkáánà. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ibí ni wàhálà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bíi ti ìyá oníṣòwò wa ti ń parí, láìra pọ́ǹpù, láìra brain box.

5. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ wá sọ́dọ̀ onísìkáánà. P0506 ń sọ pé sílò lọ sílẹ̀ jù, P0507 pé ó ga jù. P0171 ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, P0300 pé iná ń tàsé nínú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ikú bátìrì lè ti nu àwọn àmì wọ̀nyí kúrò. Bí sìkáánà kò bá rí nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó padà lọ. Ìgbà náà ni pílọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù tó kàn.

Ìkìlọ̀

Àwọn kan máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti fi mọ̀ bóyá iná ń wọlé. Ìdánwò ayé kabúrétọ̀ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ òde òní, iná lè ru sókè lójijì, kí ó sì jó ọpọlọ ọkọ̀ gan-an. Ẹ̀rù tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni a fi ọwọ́ ara wa fà. Mítà ló yẹ kí a lò.

Ìkádìí

Ẹni tó mọ ìdí tí ohun kan fi ṣẹlẹ̀ kò ní ra ohun tí kò nílò. Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn òbí wa tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, ẹ sì bá mẹkáníìkì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí ikú bátìrì kò fi yí sílò 504 oníkabúrétọ̀ padà?
2. Kí ni ọpọlọ ọkọ̀ ń gbàgbé, ta ló sì ń tọ́jú iyè rẹ̀?
3. Kí ló dé tí sìkáánà fi lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ tí a pààrọ̀ bátìrì?