Àpótí Ìmọ̀: Páìpù Ló Ń Ṣáájú Wáyà

Nínú ilé búlọ́ọ̀kù ní Nàìjíríà, wáyà kọ́ ni oníṣẹ́ iná fi ń bẹ̀rẹ̀, páìpù rọ́bà ni. Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó gbọ́dọ̀ ti so páìpù mọ́ irin dẹ́kìn kí wọ́n tó da kọnkéré. Ibi tí gílóòbù yóò wà, àpótí kékeré roboto ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Wọn a fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì dí ẹnu rẹ̀ kí kọnkéré má baà kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé bébà yìí yóò fi ṣísẹ́ẹ̀lì wá ihò káàkiri àjà.

Ti ògiri rọrùn díẹ̀. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ẹ, wọn a la ojú ọ̀nà sí i láti òkè wá sílẹ̀, wọn a tẹ́ páìpù sínú rẹ̀, wọn a sì fi ìṣó dè é. Kò dára kí a la ògiri ní ìbú lọ jìnnà: agbára rẹ̀ yóò dín kù, ẹni tó bá sì fẹ́ kan àwòrán mọ́ ọn lọ́la lè kan ìṣó lu wáyà.

Nígbà tí ògiri bá gbẹ ni wáyà tó wọlé: 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm² tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ amúlétutù. A kì í ki wáyà kún páìpù fọ́fọ́, torí yóò máa gbóná. Bí páìpù bá sì ní kọ̀rọ̀ púpọ̀ jù, wáyà kò ní fà.